Ìrètí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì Ìkẹ́rẹ́ fún sáà tó ń bọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ kan ni adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú fi ń dúró. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni òwe yìí bá wí. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti pààrọ̀ orúkọ, ó ti pààrọ̀ ipò, àwọn tí yóò sì máa bá figa gbága lórí pápá ti di ẹlòmíràn. Bí sáà tuntun ti ń bọ̀ lọ́nà, ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù béèrè láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ìsẹ̀ dé Èmùré, kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ẹgbẹ́ yìí yóò ṣe kí ó tó lè fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀?

Ó dára kí a kọ́kọ́ rántí ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1977 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1996, kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di ti ìpínlẹ̀ tuntun. Ó tó ọdún 2020 kí ó tó di yunifásítì, tí wọ́n sì fi orúkọ olóògbé Bámidélé Olúmilúà sọ ọ́. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ ni Olúmilúà. Òun ni gómìnà Oǹdó àtijọ́ láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1992 títí di oṣù Kọkànlá ọdún 1993 tí àwọn ológun gbàjọba. Inú oṣù Kẹfà ọdún 2020 yẹn kan náà ni ó jáde láyé. Orúkọ ọmọ ìlú kì í ṣe ohun tí ìlú yóò fẹ́ kí wọ́n máa nà ní àlùbami lórí pápá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí ni pé nígbà tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá di yunifásítì, kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí nìkan ló ń yí padà. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ní ìdíje tiwọn tí wọ́n ń pè ní NICEGA. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ní NIPOGA. Ti àwọn yunifásítì ni NUGA. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá di yunifásítì ti fi ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ àgbà láàárín àwọn tí wọ́n jọ dàgbà yóò wá di àbúrò láàárín àwọn tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó bí i.

Ọdún 1965 ni wọ́n dá NUGA sílẹ̀, ìdíje rẹ̀ àkọ́kọ́ sì wáyé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1966. Yunifásítì márùn-ún péré ló wà ní Nàìjíríà nígbà náà: Ìbàdàn, Nsukka, Ifẹ̀, Zaria àti Èkó. Lónìí wọ́n ti ju igba lọ. Àwọn àgbà márùn-ún yìí ti ní pápá àti àṣà eré ìdárayá kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀kọ́ kan ilẹ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́. Yunifásítì Èkó tó gbàlejò NUGA kẹrìndínlọ́gbọ̀n ní oṣù Kẹta ọdún 2022 náà ló gbégbá orókè nínú rẹ̀. Láti ọdún 2018 sì ni líìgì mìíràn ti wà fún bọ́ọ̀lù yunifásítì nìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní HiFL, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń gba àlejò nílé, tí òun náà sì ń lọ ṣe àlejò lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Láàárín irú àwọn èèyàn báyìí, orúkọ Ìkẹ́rẹ́ kò tíì dún. Ẹni tó bá ń retí pé yóò gba ife-ẹ̀yẹ ní sáà tó ń bọ̀ ń fi àlá ṣe ìrètí.

Ṣùgbọ́n ife nìkan kọ́ ni a fi ń mọ ẹgbẹ́ tó ń lọ síwájú. Kí a tó lè sọ ohun tó yẹ kí a retí, a ní láti mọ bí bọ́ọ̀lù akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń gbowó oṣù. Ẹgbẹ́ bíi Shooting Stars ti Ìbàdàn tàbí Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ lè di agbábọ́ọ̀lù kan mú fún ọdún mẹ́wàá bí owó bá wà, tí àdéhùn sì wà. Ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ tó jẹ́ òpó ẹ̀yìn bá ti ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, ó ti di àgùnbánirọ̀ ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òdo. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dà bí ìkòkò tó ń jò: bí a kò bá dá omi tuntun sí i lójoojúmọ́, yóò gbẹ.

Ibí ni ìdí kìn-ín-ní tí ìrètí fi wà ti fara hàn. Ọdún mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń gba ìwé-ẹ̀rí NCE. Oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin. Ọdún kan tó lé yìí kò kéré lórí pápá. Ọdún kìn-ín-ní ni ọmọ fi ń mọ ọ̀nà kíláàsì àti ibi tí oúnjẹ ti pọ̀. Ọdún kejì ni ara rẹ̀ fi ń mọlẹ̀, tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń gbá iwájú fi ń gbọ́ èdè ara wọn. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ó bá ti di ọdún kẹta, ó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Ní yunifásítì, ọdún kẹta àti ìkẹrin ni ọdún ìkórè. Ìkẹ́rẹ́ ti gba ẹ̀bùn ọdún kan lọ́wọ́ òfin láìsan kọ́bọ̀. Ó kù kí ó mọ bí yóò ṣe lò ó.

Ọ̀tá ẹ̀bùn náà ni kàlẹ́ńdà tí kò dúró sójú kan. Ìyanṣẹ́lódì tí àwọn olùkọ́ yunifásítì lábẹ́ àsíá ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022 kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni. Ẹgbẹ́ wo ni yóò tú ká fún oṣù mẹ́jọ tí kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn? Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń retí ọjọ́ tí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀ kí ó tó kó ọmọ jọ yóò máa kó àlejò jọ ni. Ìgbà tí wọ́n bá fi mọ orúkọ ara wọn, réfùrì ti fọn fèrè àṣekágbá.

Irú àìrójú báyìí ló ń bí àṣà burúkú kan tí gbogbo ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà mọ̀: yíyá agbábọ́ọ̀lù. Ẹni tí kò jókòó sí kíláàsì rí, tí kò mọ ilé-ìkàwé, yóò wọ jẹ́sì ilé-ẹ̀kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n bá mú un, wọ́n á lé ẹgbẹ́ náà nínú ìdíje. Bí wọn kò bá mú un, ife náà kò ní ìtumọ̀, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń sáré lórí pápá láti ìdájí ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì nítorí àlejò. Ẹ̀sùn sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan kọ́ nìyí. Ìkìlọ̀ ni, nítorí ẹgbẹ́ tí ojú ń pọ́n ni irú ìdẹwò yìí tètè máa ń bá.

Ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ìlú kékeré kan wà tó ń jẹ́ Manhattan, tí kì í ṣe Manhattan ti New York rárá. Ilẹ̀ oko ló yí i ká. Yunifásítì ìjọba tó wà níbẹ̀, Kansas State, ti wà láti ọdún 1863, iṣẹ́ àgbẹ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù tiwọn ni èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré, tí wọ́n ń fi èjìká kọlu ara wọn. Nígbà tí Bill Snyder gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ ní ìparí ọdún 1988, eré mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni ẹgbẹ́ náà ti ṣe léraléra láì borí ẹnikẹ́ni. Ọ̀mì kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, gbogbo ìyókù ni wọ́n fìdí rẹmi. Wọ́n ti di ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kí ni Snyder ṣe ní sáà rẹ̀ àkọ́kọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré ló borí. Ó fìdí rẹmi nígbà mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tí ẹ̀ẹ̀kan náà bọ́ sí i, ní ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989, àmì 20 sí 17 ni wọ́n fi borí North Texas, àjọyọ̀ rẹ̀ sì dà bí ẹni pé wọ́n gba ife àgbáyé. Ní ọdún 1990 wọ́n borí ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ní ọdún 1991 ó di ẹ̀ẹ̀meje. Ní ọdún 1998 wọ́n borí nínú eré mọ́kànlá léra. Snyder kò fi ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣe é. Ó yíjú sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ọlọ́dún méjì tó wà nítòsí, ó ń wá ọmọ tí àwọn yunifásítì ńlá kò kà sí. Bí àwọn tó gbà á síṣẹ́ bá ti fi sáà àkọ́kọ́ nìkan ṣèdájọ́ rẹ̀, wọn ì bá ti lé e lọ.

Kò sí ìdí láti rìn jìnnà tó Amẹ́ríkà náà. Nígbà tí líìgì HiFL bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, kì í ṣe Ìbàdàn, kì í ṣe Ifẹ̀, kì í ṣe Èkó ló gba ife àkọ́kọ́. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Makurdi ní ìpínlẹ̀ Benue ló gbà á, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìkẹ́rẹ́. Tillers ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, èyí tó túmọ̀ sí àwọn tó ń kọ ebè. Orúkọ àgbẹ̀ ni wọ́n jẹ́, wọn kò sì tijú rẹ̀. Èyí fi hàn pé ọjọ́ orí ilé-ẹ̀kọ́ kì í gba bọ́ọ̀lù wọlé.

Níbo wá ni Ìkẹ́rẹ́ yóò ti rí àwọn ọmọ tirẹ̀? Ìtàn ìlú náà ti dáhùn ìbéèrè yìí láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí Ògògà Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó tí yóò bá ọlá ààfin rẹ̀ mu ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ó ránṣẹ́ sí Ìsẹ̀. Níbẹ̀ ni Ọlọ́wẹ̀ wà, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n, tó ń ṣiṣẹ́ ní ààfin Arínjálẹ̀. Ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé lọ síbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní ọdún 1924. Ó wu àwọn tó ń ṣàkóso British Museum tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà á, tí wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú òyìnbó san án fún Ògògà. Pápá Wembley tí wọ́n kọ́ nítorí ìpàtẹ yẹn ló sì wá di ibi tí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ilé. Ọwọ́ ọmọ Èkìtì ti dé Wembley kí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn tó débẹ̀.

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ṣe kedere. Ògògà kò ní dandan ni kí agbẹ́gilére rẹ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò kan pàtó ní Ìkẹ́rẹ́. Kò sì ránṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn láti yá ẹni tí kò mọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀bùn wà ní ìlú tó kángun sí òun, ó sì wá a lọ. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì Ìkẹ́rẹ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò ṣọ́lé fún un ní ọdún mẹ́ta sí ìsinsìnyí wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lónìí, bóyá ní Ìsẹ̀, bóyá ní Èmùré. Ó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ lórí ilẹ̀ pupa, òkúta méjì sì ni òpó góòlù rẹ̀. Kò mọ̀ pé yunifásítì kan wà ní ìrìn ọkọ̀ tí kò tó wákàtí kan tó lè wá òun. Yunifásítì náà kò mọ̀ pé ó wà.

Ohun tó lè so àwọn méjèèjì pọ̀ ti wà nílẹ̀, òun sì ni ìdí kejì tí ìrètí fi wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ ni ilé-ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ fún ogójì ọdún ó lé mẹ́ta. Olùkọ́ tó ti ibẹ̀ jáde ló wà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ní gúúsù Èkìtì. Ìwọ̀nba yunifásítì ní Nàìjíríà ló ní irú ojú tó pọ̀ báyìí káàkiri agbègbè rẹ̀. Bí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan bá fi orúkọ ọmọ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lọ́dọọdún, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù, tó sì lè yege nínú ìdánwò àṣewọlé, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò ní ju èyí tó lè yàn nínú rẹ̀ lọ. Owó tí èyí ń béèrè kò ju owó orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni kí ẹnì kan jókòó, kí ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ó sì máa bá wọn sọ̀rọ̀.

Àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí ju ti ilé-ẹ̀kọ́ nìkan lọ. Ní gbogbo ìlú Yorùbá lónìí, ọmọkùnrin tó bá mọ bọ́ọ̀lù ti gbọ́ pé Yúróòpù ló kù. Àwọn kan tó ń pe ara wọn ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù ń gba owó ilẹ̀ àti owó ọjà lọ́wọ́ òbí, wọ́n ń ṣèlérí Pọtogí àti Tọ́kì, ọ̀pọ̀ ọmọ sì ń bá ara wọn ní ìlú tí kò sí ẹgbẹ́ kankan tó ń retí wọn. Àwọn tí kò rí owó san ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́, wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù ẹlòmíràn ṣòfò ìgbà èwe wọn. Ọmọ tó bá fi bọ́ọ̀lù wọ yunifásítì ní ìdúró méjì. Bí orúnkún bá yẹ̀, ìwé-ẹ̀rí wà. Ọmọbìnrin náà ń kọ́, nítorí òun gan-an ni wọ́n tètè máa ń sọ fún pé kí ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí ó lọ wá nǹkan gidi ṣe.

Kì í ṣe ohun tuntun ni pé kí ìwé àti bọ́ọ̀lù jọ rìn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Algeria ní góòlù mẹ́ta sí òdo ní Súrùlérè, tó sì gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ló gba méjì wọlé nínú rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe Ìbàdàn ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́. Adokiye Amiesimaka tó ń gbá apá òsì iwájú kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó, ó sì di kọmíṣọ́nà ètò ìdájọ́ ní ìpínlẹ̀ Rivers nígbà tó yá. Ní Adó-Èkìtì níbí, orúkọ Olúyẹmí Káyọ̀dé ni pápá ìṣeré ìlú ń jẹ́, sárésáré tó wà lára àwọn ọkùnrin Nàìjíríà tó gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú eré ìje alápàpọ̀ ní Barcelona ní ọdún 1992. Ọmọ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yẹn kò gbọdọ̀ rò pé àwọn tó ń jáwé olúborí kì í ti ọ̀dọ̀ wa jáde.

Kí wá ni kí a retí ní sáà tó ń bọ̀? Ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ìrètí wa sílẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹgbẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè kọ́ ni bí wọn kò ṣe ní máa gbà á sílé. Ẹgbẹ́ tó gba góòlù mẹ́rin sílé ní sáà kan, tó wá gba ẹyọ kan sílé ní sáà kejì, ti lọ síwájú bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n na án ní ìgbà méjèèjì. Ọ̀mì pẹ̀lú àgbà yunifásítì yẹ fún ìlù. Bí wọ́n bá borí lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìpele àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má bínú, kí wọ́n rántí Kansas.

Ohun kejì ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Àárín Adó àti Àkúrẹ́ ni Ìkẹ́rẹ́ wà, ibùsọ̀ tó dára ni fún ẹni tó bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Lápá kan, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkìtì, yunifásítì Afẹ́ Babalọlá àti ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe ìjọba àpapọ̀ wà ní Adó. Lápá kejì, FUTA wà ní Àkúrẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ gbogboniṣe Rufus Gíwá sì wà ní Ọ̀wọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún yìí kò jìnnà débi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi sùn síta. Bí ẹgbẹ́ bá gbá mẹ́wàá nínú irú eré báyìí kí ìdíje tó dé, kò ní jẹ́ àlejò sí ara rẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá fọn fèrè.

Ohun kẹta wà lọ́wọ́ àwọn alákòóso. Kí wọ́n fún akọ́nimọ̀ọ́gbá ní ọdún mẹ́rin, ìyẹn iye ọdún tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kì í lé akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní nítorí pé kò tíì gba oyè. Kí wọ́n tún pápá ṣe kí wọ́n tó ra jẹ́sì tuntun, nítorí aṣọ kì í gba bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ gbágun-gbàgun sì ń ṣẹ́ ọmọ lẹ́sẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó ti rí jẹ lè ra bọ́ọ̀lù, wọ́n lè sanwó ọkọ̀ ìrìn-àjò kan lọ́dún. Bí ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn bá dá ẹgbẹ̀rún kan náírà, mílíọ̀nù kan nìyẹn.

Olósùnta ò kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lábẹ́ òjìji rẹ̀ kò tán. Ìgbà tí sáà náà bá bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ síbi pápá, ẹ má kàn dúró sílé máa retí èsì lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá na àwọn ọmọ náà, ẹ wo iye góòlù tí wọ́n gbà sílé, ẹ fi wé ti àná. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá pé mélòó nínú wọn ló wá láti Ìsẹ̀, mélòó ló wá láti Èmùré. Bí iye náà bá ń pọ̀ sí i, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.